Ajá Ńlá Nílò Eré Sísá Lójoojúmọ́



A sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa ewúrẹ́, adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Lónìí, ọ̀rọ̀ ajá ni a fẹ́ sọ. Ẹ lè bi wá pé: kí ló kan ajá nínú ọ̀rọ̀ oko àti ìlera? Ó kàn án púpọ̀. Ajá ló ń ṣọ́ ilé lóru. Ajá ló ń ṣọ́ àpò kajú nígbà tí a bá kó o jọ sí àgbàlá. Ajá ló ń lé ọ̀bọ kúrò nínú àgbàdo. Ajá ló ń bá ọdẹ wọ igbó láti lé ọ̀yà. Bí ara ajá kò bá le, kò lè ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí. Bí inú rẹ̀ kò bá sì dùn, ó lè bu ọmọ wa jẹ.

Kí ẹ tó kà síwájú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àgbàlá yín. Ṣé ajá wà níbẹ̀? Ṣé orí okùn ló wà? Ìgbà wo ni ẹ tú u sílẹ̀ kẹ́yìn? Ẹ fi ìdáhùn yín sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀.

Ajá méjì nínú ilé kan

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí fún yín. Nígbà tí mo ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ajá méjì ló wà nílé wa ní Bantè.

Èkíní jẹ́ ajá ìbílẹ̀. Pupa ni, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ sì ká. Àbúrò bàbá mi ló ni ín. Ó ń bá a lọ sóko lójoojúmọ́, ó sì ń bá a ṣọdẹ ní apá igbó Agoua.

Èkejì jẹ́ ajá ńlá tí bàbá mi rà ní Cotonou. Irú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní berger allemand ni, ìyẹn ajá darandaran ilẹ̀ Jámánì. Ẹ mọ̀ pé àwa máa ń fi orúkọ ajá pa òwe. Tanímọ̀la ni bàbá mi sọ ọ́. Owó ńlá ló fi rà á, nítorí náà ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má jí i. Ó fi ṣéènì so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò. Ṣéènì náà kò gùn ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ.

A ń fún Tanímọ̀la lóúnjẹ dáadáa. Ọkà tó ṣẹ́kù, orí ẹja, omi ọbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n kì í rìn, kì í sáré. Ó ń jẹ, ó ń sùn, ó ń gbó. Nígbà tó pé ọdún méjì, ó ti sanra jù. Nígbà tó pé ọdún mẹ́rin, bó bá fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ a máa gbọ̀n. Ó ń gbó mọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá, títí kan àwa tí a ń gbé oúnjẹ fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìwọ̀ ṣéènì náà já. Ajá bẹ́ jáde, ó sì bu ọmọ aládùúgbò wa jẹ ní itan.

Ọmọ náà yè. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá kan ní àdúgbò tó mọ̀ pé kí a fi omi àti ọṣẹ fọ ojú egbò náà dáadáa, kí a sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bàbá mi ló san gbogbo owó abẹ́rẹ́. Nígbà tó padà délé, ó ní: «Ajá burúkú ni ajá yìí.» Àbúrò rẹ̀ dá a lóhùn pé: «Ẹ̀gbọ́n mi, ajá yìí kò burú. Ẹ ti so ó mọ́lẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Bí ẹ bá so èmi náà mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, n ó bu ènìyàn jẹ.»

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Tanímọ̀la kú. Kò tíì darúgbó. Ajá pupa ní tirẹ̀ pẹ́ láyé. Mo parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ṣì ń tọ ipasẹ̀ ọ̀yà.

Òótọ́ ni pé ajá méjì kò tó láti fi ṣe ẹ̀rí. Irú wọn yàtọ̀, ajá ńlá kì í sì í sábà pẹ́ láyé tó ajá kékeré. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn dókítà ẹran mọ̀ bá ohun tí mo rí nílé wa mu.

Irú ajá wo ni à ń pè ní ajá ńlá?

Bí ìwọ̀n ajá bá ju kílò 25 lọ, ajá ńlá ni. Kílò 25 jẹ́ ìdajì àpò sìmẹ́ńtì kan. Ọ̀pọ̀ ajá ìbílẹ̀ wa kì í wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ ajá Jámánì lè wọn kílò 30 sí 40. Ẹ máa rí irú ajá bẹ́ẹ̀ báyìí nílé àwọn tó ń ra kajú àti nílé àwọn ọmọ wa tó ti Cotonou tàbí Nàìjíríà dé.

Ní ọdún 1899, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Max von Stephanitz bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin irú ajá yìí ní ilẹ̀ Jámánì. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fi ajá náà ṣe nígbà náà? Iṣẹ́ dída àgùntàn ni. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ló ń yí agbo ká. Ẹ rò ó wò. Ajá tí a bí fún ìrìn àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni a so mọ́ ìdí igi máńgòrò.

Kí ni eré sísá ń ṣe nínú ara ajá?

Ẹ ronú nípa kẹ̀kẹ́ tí ẹ fi ń lọ sóko. Bí ẹ bá gbé e jù sí kọ̀rọ̀ yàrá fún ọdún kan, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ṣéènì rẹ̀ á dípẹtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní yí dáadáa mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ajá rí.

Èkíní, ọkàn. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Bí ajá bá ń sáré lójoojúmọ́, ọkàn rẹ̀ ń le sí i. Kì í tètè rẹ̀ ẹ́ mọ́.

Èkejì, oríkèé. Ní ibi tí eegun méjì ti pàdé, eegun rírọ̀ kan wà tó ń dán. Òun ni kì í jẹ́ kí eegun méjèèjì ha ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ kì í dé inú eegun rírọ̀ yìí. Omi kan tó ń yọ̀ nínú oríkèé ló ń bọ́ ọ. Ìgbà tí ajá bá ń rìn, tó ń sáré, ni omi náà ń wọ inú rẹ̀ dáadáa. Bí ajá bá jókòó sójú kan, ebi ń pa oríkèé rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, iṣan. Iṣan itan ló di eegun ìbàdí mú kó má yẹ̀. Iṣan tí kò ṣiṣẹ́ a máa rọ, a sì máa kéré sí i.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rá. Ajá tó ń jẹun tí kì í sáré máa ń sanra. Gbogbo ẹrù ọ̀rá náà, orí oríkèé àti ọkàn ló wà.

Ẹ̀karùn-ún, inú dídùn. Ajá ń fi imú ka ayé bí àwa ṣe ń fi ojú kàwé. Bó bá ń rìn, tó ń gbóòórùn ilẹ̀, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀. Ajá tí a so mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà máa ń bẹ̀rù, ó sì máa ń bínú. Kò lè sá fún ohun tó ń dẹ́rù bà á. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un ni kó buni jẹ.

Ohun tí àwọn olùwádìí rí

Ní ilẹ̀ Norway, àwọn dókítà ẹran tẹ̀ lé nǹkan bíi 500 ajá ńlá láti ìgbà tí wọ́n ti kéré. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń fa àrùn ìbàdí tó máa ń sọ ajá ńlá di arọ. Ní ọdún 2012, wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Àwọn ọmọ ajá tí wọ́n jẹ́ kó ṣeré láìsí okùn lọ́rùn, lórí ilẹ̀ tó rọ̀, kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta, àrùn náà kò wọ́pọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò ní irú ọjọ́ orí yẹn ni àrùn náà pọ̀ sí i lára wọn. Wọ́n tún rí i pé ajá tí wọ́n bí sí oko kò ní àrùn náà tó èyí tí wọ́n bí sí ibòmíràn. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ gbọ́! Oko yín dára fún ìbàdí ọmọ ajá.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí kan tọ́ 48 ajá Labrador láti kékeré títí dé òpin ayé wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ igbá oúnjẹ mẹ́rin, èkejì rẹ̀ á jẹ mẹ́ta. Ní ọdún 2002, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ìdajì àwọn tó jẹ àjẹyó pẹ́ láyé ju ọdún 11 lọ díẹ̀. Ìdajì àwọn tó jẹ níwọ̀n pé ọdún 13. Ìyàtọ̀ náà súnmọ́ ọdún méjì! Àrùn oríkèé náà pẹ́ kó tó dé sára wọn. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ìwádìí yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré sísá. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé ọ̀rá ń gé ẹ̀mí ajá ńlá kúrú. Eré sísá àti oúnjẹ ìwọ̀n, méjèèjì ló ń lé ọ̀rá lọ.

Ẹ fi ọwọ́ wò ó

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ajá yín sanra jù tàbí ó rù jù? Ọwọ́ yín ni ẹ ó fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Ẹ fi ìka ọwọ́ kejì ra orí ẹ̀ṣẹ́ náà. Bí ìhà ajá yín bá rí báyìí lọ́wọ́, ó rù jù.

Ẹ tẹ́ ọwọ́, kí àtẹ́lẹwọ́ wà lókè. Ẹ fi ìka ra ìsàlẹ̀ ìka mẹ́rin náà. Bí ìhà ajá bá rí báyìí, ó sanra jù.

Ẹ wá yí ọwọ́ padà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè. Ẹ fi ìka rà á. Bí ìhà ajá bá rí báyìí, ó dára.

Ní abúlé wa, ajá tó rù pọ̀ ju èyí tó sanra lọ. Bí ajá yín bá rù, ẹ má tíì fi eré púpọ̀ dà á láàmú. Aràn lè wà nínú rẹ̀, tàbí kí oúnjẹ rẹ̀ má tó. Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Báwo ni ẹ ó ṣe ṣe é?

1. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Kí ajá kankan má ṣe jáde kó tó gbà á. A ó sọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

2. Ẹ kọ́ ọ kó máa dáhùn ìpè. Àwọn àgbà ní ajá tí kò létí kò ṣeé dẹ̀gbẹ́. Ẹ pe orúkọ rẹ̀. Bó bá wá, ẹ fún un ní òkèlè díẹ̀. Ẹ má ṣe lu ajá tó dáhùn ìpè yín láé, ohun yòówù tó ti ṣe. Bí ẹ bá lù ú, kò ní wá mọ́.

3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ajá tó ti pẹ́ lórí okùn kò lè sáré fún wákàtí kan lọ́jọ́ kìíní. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀ àti ìṣẹ́jú 10 nírọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 20. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìṣẹ́jú 30. Bó bá ti mọ́ ọn lára, wákàtí kan láàárọ̀ àti wákàtí kan nírọ̀lẹ́ dára fún ajá ńlá tó dàgbà tí ara rẹ̀ le. Bó bá fẹ́ dúró, ẹ jẹ́ kó dúró.

4. Ẹ yan àkókò. Kí oòrùn tó mú, àti lẹ́yìn tó bá rọ̀. Ajá kì í làágùn káàkiri ara bíi tiwa. Ó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì máa ń yọ ahọ́n síta kí ara rẹ̀ lè tutù. Oòrùn ọ̀sán lè pa á.

5. Ẹ má ṣe jẹ́ kó sáré lórí ikùn kíkún. Ó dára kí ajá ńlá sáré kó tó jẹun, lẹ́yìn náà kó sinmi, kó wá jẹun. Nítorí kí ni? Ikùn ajá ńlá lè wú, kó sì lọ́ bí aṣọ tí à ń fún. Bí ẹ bá rí i pé ikùn rẹ̀ wú, tó fẹ́ bì ṣùgbọ́n tí ohunkóhun kò jáde, ẹ sáré mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ó lè kú láàárín wákàtí díẹ̀.

6. Ẹ yan ibi tó dára. Ẹ jìnnà sí títì ńlá tó ti Savalou wá tó ń lọ sí Bassila àti Djougou. Ẹ mọ òwe tó ní ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ara rẹ̀ ló fi bọ Ògún. Ẹ jìnnà sí oko òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn sí. Ẹ jìnnà sí ibi tí àwọn ọdẹ dẹ pàkúté sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kó lé ewúrẹ́ aládùúgbò tàbí màlúù àwọn Fúlàní. Ajá kan lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú méjì.

7. Ẹ má ṣe fipá mú ọmọ ajá. Ọmọ ajá ńlá ń dàgbà títí di nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Eegun rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹ jẹ́ kó ṣeré fúnra rẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, kó sì sùn nígbà tó bá fẹ́. Ẹ má ṣe mú un tẹ̀ lé alùpùpù lọ sóko ní kìlómítà mẹ́wàá.

Bí ooru bá mú ajá

Bí ajá bá ń mí hẹlẹhẹlẹ láìdáwọ́ dúró, tí itọ́ rẹ̀ ń dà, tí ìdí eyín rẹ̀ pọ́n, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ooru ti mú un. Ẹ gbé e sábẹ́ òjìji. Ẹ da omi tútù sí i lára, ikùn àti ẹsẹ̀ pàápàá. Ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ fún un lómi mu díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá dókítà ẹran.

Bí kò bá sí ẹni tó lè mú un jáde ńkọ́?

Nígbà iṣu gbígbìn tàbí kajú ṣíṣà, ọwọ́ gbogbo wa máa ń dí. Ọgbọ́n kan wà. Ẹ na wáyà líle láàárín igi méjì tó jìnnà síra tó ìgbésẹ̀ 15. Ẹ fi òrùka irin kọ́ wáyà náà. Ẹ so okùn ajá mọ́ òrùka. Ajá yóò lè sáré lọ, sáré bọ̀ lábẹ́ wáyà. Kí òjìji àti omi wà níbẹ̀, kí ohunkóhun má sì sí tí okùn lè wé mọ́. Ẹ rí i dájú pé ìka méjì lè wọ abẹ́ ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀. Èyí sàn ju ìdí igi lọ, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò eré gidi.

Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ má pa á tì

Ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ wa gbọ́. A kò ní kí ajá máa rìn gbéregbère lójú pópó tọ̀sán tòru. Ajá tó ń rìn bẹ́ẹ̀ lè pàdé ajá dìgbòlugi.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àrùn dìgbòlugi ń pa nǹkan bí ènìyàn 59,000 lọ́dọọdún káàkiri ayé. Ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ló ti ń pa jù. Nínú ènìyàn 100 tó ní àrùn náà, 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Bí àrùn náà bá ti fara hàn lára ènìyàn, ikú ló kù. Ṣùgbọ́n a lè dènà rẹ̀. Bí a bá fún ajá 70 nínú 100 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kò ní lè tàn káàkiri ìlú mọ́. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n máa ń ṣe Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé lọ́dọọdún. Ẹ bi dókítà ẹran ní Bantè tàbí Savalou léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa fún ajá lábẹ́rẹ́.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí:

Ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ata, epo tàbí ewé sí i.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.

Bí ó bá ṣeé ṣe láìséwu, ẹ ti ajá náà mọ́ ibì kan, ẹ máa wò ó fún ọjọ́ 10, kí dókítà ẹran sì mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àgbàlá yín

Ẹ rántí ìbéèrè tí a bi yín níbẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo ni ẹ tú ajá yín sílẹ̀ kẹ́yìn? Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ «àná», ẹ kú iṣẹ́. Bó bá jẹ́ «ọdún tó kọjá», ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Bàbá mi náà kò mọ̀. Ẹ̀yin ti kà á, ẹ ti mọ̀. Lọ́la láàárọ̀, kí ẹ tó gbé ọkọ́, ẹ mú ajá jáde fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ lè mú ọmọ yín dání kó kọ́ bí a ṣe ń pe ajá. Ìṣẹ́jú 10 kò náni ní fàráńkì kan.

Ẹ jọ sọ ọ́ ní kíláàsì

1. Ajá mélòó ló wà ní àdúgbò yín? Mélòó ló ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dún yìí?

2. Kí ló fà á tí Tanímọ̀la fi bu ọmọ jẹ? Ta ló jẹ̀bi lójú yín?

3. Ibo ní abúlé yín ni ajá lè sáré sí láìṣe ẹnikẹ́ni ní ibi?

4. Ẹ fi ọwọ́ wọn ìhà ajá yín nílé. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé yín, kí ẹ sì kà á fún wa ní kíláàsì tó ń bọ̀.